Má Sọ fún Onílé Pé O Máa Tó Lọ

Agbowó, Ìbàdàn.

Àkànní ọkọ mi, ọmọ tí mo pọ̀n kúrò ní Kùmásí,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyáàfin tí o rán fúnra rẹ̀ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí mo fi kà á tán. Ó ní ara rẹ le. Ó ní o ti rù díẹ̀, ṣùgbọ́n o ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀rín yẹn. Òun náà ló máa mú èyí padà bọ̀ wá fún ọ, torí náà mo lè kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn mi, láìbẹ̀rù pé ẹnì kan á tú u wò lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, mi ò ní dárúkọ ohun tó lé ọ kúrò nílé. Ìwọ mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, ó tó.

O ní o ti bẹ ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ́ sábẹ́ ààbò wọn, wọn ò sì tíì fún ọ lésì. O ní gbọ̀ngán ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kó ẹ̀yin tó sá dé sí, wọ́n ti ní kí ẹ kúrò níbẹ̀ kí òtútù ńlá tó bẹ̀rẹ̀. O ní kò sí ibi tí o wá yàrá dé tí wọn kì í dá ọ padà, àfi obìnrin àgbàlagbà kan tó ní yàrá kékeré lókè ilé rẹ̀, tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù, tó sì ní òun á ṣì rò ó wò ná. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ìparí lẹ́tà náà: "Màámi, ṣé yàrá mi ṣì wà níbẹ̀? Tí mi ò bá ríbi sùn kí òtútù tó dé, màá máa bọ̀ wá sùn sínú ẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀."

Mi ò lè rán aṣọ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé wà nílẹ̀ tí àwọn ìyá wọn ń wá bèèrè, mo kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Màá dá ọ lóhùn nípa yàrá náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe báyìí. Kọ́kọ́ jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ ilé wíwá. Èmi àti bàbá rẹ wá ilé rí nínú ìlú tí a ò mọ ẹnikẹ́ni, ojú wa sì rí nǹkan. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí nítorí pé mo rò pé kò ní kàn ọ́ láyé. Ní tìrẹ, mo fẹ́ kí o bá ilé nílẹ̀ ni.

Bàbá rẹ ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Kùmásí. Táyà, ṣéènì, agogo, gíláàsì iná, gbogbo rẹ̀ ló ń tò sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ló ti kọ́lé, ilé onípáànù oníyàrá mẹ́fà. Fèrèsé ilé náà fẹ̀, ó sì ga, bí o bá ṣí i láàárọ̀, gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wàá máa kí. A ò tíì gbé inú rẹ̀ pẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé máa lọ sílé rẹ̀. Àwa ò ní ìwé. Ta ló ń wá ìwé nínú ìlú tó ti ń gbé láti ìgbà èwe? Bàbá rẹ fi ilé sí ìkáwọ́ Kwàmé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ó ní kó máa bá òun gbá àgbàlá, pé oṣù díẹ̀ ni. A kó ẹrù sínú àpótí onírin, mo pọ̀n ọ́, a wọ lọ́rì.

Ṣakí ni ìlú wa, ọ̀hún náà la kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti Gánà dé ti kún ilé ìdílé wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ò sì sí. Ni a bá kọrí sí Ìbàdàn. Ẹnì kan ṣoṣo la mọ̀ níbí, ọmọ ìlú wa kan tó ń wakọ̀ láti Challenge lọ sí Ìjẹ̀bú. Pálọ̀ rẹ̀ la sùn.

Ọ̀rọ̀ pálọ̀ yìí ni ìmọ̀ràn mi kìíní. O ní ọmọ Yorùbá kan lọ́hùn-ún ti ní kí o wá máa sùn sórí àga òun bí wọ́n bá lé yín kúrò ní gbọ̀ngán. Bó bá di dandan, lọ, kí o sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó pẹ́. Obìnrin dáadáa ni ìyàwó dírẹ́bà tó gbà wá yẹn. Òun ló ń gbé omi gbígbóná fún mi láti fi wẹ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ pálọ̀ ní kùtùkùtù kí a tó jí. Ó ń gbá a yí ẹní wa ká, ìgbálẹ̀ ń kan bàbá rẹ lẹ́sẹ̀, òun náà ń kí wa tẹ̀ríntẹ̀rín, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Kò bú wa rí. Ó kàn fẹ́ kí pálọ̀ òun padà di pálọ̀ ni. Bí o bá ti rí i pé wọ́n ń gbálẹ̀ yí ọ ká, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà níbẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kọjá ní Challenge, èmi àti obìnrin náà á dì mọ́ ara wa, torí pé a tètè kúrò nílé rẹ̀.

Èkejì ni ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an. Fara balẹ̀ kà á.

Bàbá rẹ ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, ó ń bá wọn tọ́jú sítọ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jáde lọ wá yàrá. Bódìjà ò ṣeé yà sí fún irú wa. A lọ sí Ríngì Róòdù, a dé Dùgbẹ̀, a wá a títí dé ẹ̀yìn Ìwó Róòdù. Àwọn onílé á bi wá: Ìlú wo? Iṣẹ́ wo? Ọmọ mélòó? Ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí mọ́ṣáláṣí? Bàbá rẹ á dá gbogbo rẹ̀ lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bèèrè bí a ṣe fẹ́ pẹ́ tó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́. Bàbá rẹ á tún fìlà rẹ̀ dé, á ní, "Kò ní pẹ́ rárá. Èmi náà, onílé ni mí. Mo nílé tèmi ní Kùmásí, oníyàrá mẹ́fà. Bí inú àwọn èèyàn yẹn bá ti rọ̀, a ti ń lọ nìyẹn."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ló ń gbé òun níyì. Ó rò pé onílé á mọ̀ pé onílé ẹgbẹ́ òun ni òun ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n lé kiri. Gbogbo àwa tó ti Gánà dé ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ọkùnrin àti obìnrin. Ojú ń tì wá ni. Onílé á mirí, á ní kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí a bá fi máa padà dé, ẹlòmíràn ti gba yàrá.

Ìyá onílé wa níbí ni kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa. O rántí Alhaja, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn, ìwọ àti àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ jọ ń ka kéwú lẹ́nu ọ̀nà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Onítẹ̀bọmi ni ọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí wọn, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí náà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Wọ́n ní, "Ẹ máa pẹ́ ńbí?"

Bàbá rẹ ní, "Rárá o, mà. Mo nílé tèmi ní Kùmásí."

"Háà. Ẹ yáa máa lọ síbẹ̀ ńgbà yẹn."

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tí mò ń sọ ni pé..."

"Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ. Èmi ò gba èrò ọkọ̀ sílé. Èrò ọkọ̀ ò ní bá mi fọ balùwẹ̀, kò ní bá mi dá sí kànga tó bá dọ̀tí. Ẹni tó máa jókòó ni mò ń wá. Ẹ kú ìrìn o."

Inú bí bàbá rẹ. Ó ní obìnrin náà ò mọ èèyàn. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti lọ síbi iṣẹ́, mo pọ̀n ọ́, mo padà lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé, mà. Ọkọ mi ò parọ́ fún yín, ilé wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Kò síbi tá à ń lọ. Tẹ́ ẹ bá gbà wá, ibí náà la máa wà."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ìwọ tí o ń fà mí nírun. Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ ẹ mọ̀ pé ẹ ò padà mọ́?"

Mo ní, "Wọn ò tíì mọ̀, mà."

Wọ́n ní, "Hùn-ún. Lọ kẹ́rù yín wá."

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó dà bí ohun kékeré. Kì í ṣe ohun kékeré. Àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi ni èmi fúnra mi tó mọ̀ pé mo ti gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi. Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, kò pariwo. Ó ní, "O ti ta ilé mi." Ó bá mi kó ẹrù wá síbí, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kó tó tún bá mi rẹ́rìn-ín.

Ní báyìí, gbọ́ mi, Àkànní. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ pé bí o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn onílé, o máa ń ṣàlàyé fún wọn pé o kì í ṣe aláìnílé, pé ìyá rẹ wà, pé yàrá rẹ wà nílé pẹ̀lú ìwé rẹ àti bẹ́ẹ̀dì rẹ, pé kété tí nǹkan bá ti dára, wàá máa lọ. Ohùn bàbá rẹ ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. O fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, kí n tó rí i pé omi ti dà lójú mi. Ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn? Ṣé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni? Mo mọ̀ pé iyì rẹ lo fi ń gbèjà ara rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ti ń sọ ọ́, ohun tí onílé ń gbọ́ ni pé èrò ọkọ̀ ló dúró sí ẹnu ọ̀nà òun. Jáwọ́ nínú rẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà yẹn tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ jù, òun ni kí o padà lọ bá. Ẹni tí kò fẹ́ gbà ọ́ kì í bèèrè ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ, á ti ilẹ̀kùn ni. Alhaja bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa títí wọ́n fi bèèrè orúkọ ìyá ìyá mi. Dá a lóhùn. Sọ fún un ohun tí o ń jẹ, bí o ṣe ń sùn, bí o ṣe ń kọ́ èdè wọn. Bó bá ní àtẹ̀gùn tó ga tí ẹsẹ̀ ń dùn ún lórí rẹ̀, bá a gbé ẹrù gùn ún kí o tó kúrò níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì sọ pé òun gbà.

Ẹ̀kẹta, àbí ẹ̀kẹrin ni, mi ò mọ èyí tí mo kà dé mọ́. Má wá ilé sí ibi tí ojú rẹ fẹ́ kí o gbé. Mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ràn kí ibi mọ́, kí igi wà lẹ́bàá títì. Ìlú yẹn náà á ní Bódìjà tirẹ̀. Ibi tó bá dà bí Agbowó ni kí o wá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn àlejò pọ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni ò fi ní máa wo ẹ̀yìn rẹ bí o bá ń kọjá. Bó bá jìnnà, bí bọ́ọ̀sì bá ṣáà ti ń lọ síbẹ̀, ó dára. Lọ wo yàrá lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ la gba tiwa, òjò àkọ́kọ́ ló fi ibi tí páànù ti lu hàn wá, a sì ń gbé bẹ́ẹ̀dì kiri inú yàrá pẹ̀lú ìwọ lórí rẹ̀, tí o ń pàtẹ́wọ́, tí o rò pé eré ni. Bèèrè ẹni tó gbé ibẹ̀ kẹ́yìn àti ohun tó mú un kúrò. Wo ojú àwọn tó kù nínú ilé náà ju bí o ṣe ń wo ògiri lọ.

Mo fi gaàrí àti irú gbígbẹ rán Ìyáàfin sí ọ. Jọ̀wọ́, má se irú náà ní ọ̀sẹ̀ tí o bá kọ́kọ́ wọ ilé ẹni ẹlẹ́ni. Jẹ́ kí onílé kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ ná. Lẹ́yìn náà, bó bá ń bèèrè ohun tó ń rùn, bu díẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹrù ló kàn, ó sì nira fún mi láti kọ.

Nígbà tí a kó wọ ibí, àpótí onírin mẹ́ta la gbé wọlé. Bàbá rẹ tú ọ̀kan. Ó ti méjì yòókù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tokùntokùn. Ó ní kò sídìí tí a ó fi tú u ká, ṣebí a ó tún dì í ni. Ìwọ náà bá a níbẹ̀, orí rẹ̀ lo ń jókòó sí láti ka ìwé nígbà tí o wà ní àlákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀yìn ilé yìí jẹ́ igbó. Alhaja pe bàbá rẹ, wọ́n ní kó tètè ra díẹ̀ níbẹ̀ kí ojú ilẹ̀ tó là. Ó ní, "Ilé mélòó ni kí n máa kọ́, mà?" Ó rẹ́rìn-ín. Lónìí, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹnì kan ti Kùmásí dé, ó ní Kwàmé ti kú, pé àwọn tí a ò mọ̀ ló ń gbé ilé wa. Bàbá rẹ ní, "Wọ́n á kúrò bí a bá dé." Àkànní, ó ń sọ bẹ́ẹ̀ títí tí irun orí rẹ̀ fi funfun. Ipò ayálégbé ló kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí o ti padà sílé ìwé, mo tú àpótí méjèèjì. Ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ tó ti dípẹtà ló wà nínú ọ̀kan. Kọ́tìnnì ló wà nínú èkejì. Èmi ni mo rán an ní Kùmásí, aṣọ búlúù olódòdó funfun, mo rán an mọ́ ìwọ̀n fèrèsé ilé tuntun wa, a ò sì tíì kọ́ ọ tí wọ́n fi ní ká máa lọ. Mo gbé e sójú fèrèsé wa níbí. Ó gùn kọjá, ó wọ́ nílẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí ikú nìkan. Gbogbo ọdún tí a fi gbé nínú yàrá yìí, ìró mi àtijọ́ la kọ́ sójú fèrèsé. Mo jẹ́ télọ̀, mò ń rán kọ́tìnnì fún àwọn aráalé olówó ní Bódìjà, èmi ò ní kọ́tìnnì, torí pé bàbá rẹ ní a ti ní, ó wà nínú àpótí.

Mo fẹ́ràn bàbá rẹ. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò gbé Ìbàdàn, a ò sì gbé Kùmásí. Mi ò fẹ́ irú ayé bẹ́ẹ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ tí o bá ti wọ yàrá, tú gbogbo ẹrù rẹ. Kọ́ ẹ̀wù rẹ sára ògiri. Gbé àpò òfo náà fún onílé kó bá ọ tọ́jú rẹ̀ síbi tó bá wù ú.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ.

Lẹ́yìn tí o lọ, àwọn ọkùnrin méjì wá síbí, wọ́n wọ sàfárì, wọ́n ń bèèrè rẹ. Wọ́n tún wá, wọ́n sì tún wá. Wọn kì í pariwo mọ́ mi, Màmá ni wọ́n ń pè mí. Mo ṣí yàrá rẹ, èkejì tí a gbà kún tiwa nígbà tí o dàgbà, fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, ó fọwọ́ pa ìrọ̀rí rẹ, ó ní, "Màmá, yàrá yìí mà mọ́ o. Ó jọ pé ẹni tó ni ín ń bọ̀."

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

Ó ní, "Ẹ ṣáà máa tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ó máa yà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n jẹun. Láràárọ̀ ni mò ń gbá yàrá náà, mò ń nu ìwé rẹ, mò ń sá bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn, ìfẹ́ ló ń mú mi ṣe é. Ohun tí àwọn náà sì ń fẹ́ kí n ṣe nìyẹn. Èmi tí mo rò pé mò ń tọ́jú ibi ìsinmi fún ọmọ mi, pàkúté ni mò ń bá wọn nu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí lẹ́tà rẹ dé, obìnrin ará Gánà kan wá wá yàrá lọ́wọ́ ọmọ Alhaja tó ń bójú tó ilé báyìí. Àkósúà ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan nítòsí, ó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Mo wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ wọn. Ọmọ Alhaja ní, "Ẹ máa pẹ́?" Obìnrin náà na ara rẹ̀ bí bàbá rẹ ṣe máa ń nà án. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò dán mọ́rán ní, "Rárá, sà. Mo ní ilé ní Gánà. Díẹ̀ sí i, mo lọ."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi èdè Kùmásí sọ fún un pé kó dákẹ́, kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹnu yà á. Mo wá kọjú sí ọmọ Alhaja, mo ní, "Wọn ò lọ síbì kankan. Ẹ fún wọn ní yàrá mi kejì."

Ó ní, "Yàrá Àkànní kẹ̀, Màmá?"

"Yàrá Àkànní."

"Ṣó dá yín lójú?"

"Kò dá mi lójú. Ẹ ṣáà fún wọn."

Mo kó ìwé rẹ sínú àpótí bàbá rẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni ọmọ náà ń sùn. Àwọn oní-sàfárì yẹn tún yà lẹ́yìn náà, wọ́n bá Àkósúà níbi tó ti ń di irun ọmọ rẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n wo inú yàrá, wọ́n lọ. Mi ò tíì rí wọn mọ́.

Ìdáhùn mi nìyí, Àkànní. O ò ní yàrá níbí mọ́. Má bọ̀. Má rò pé mi ò fẹ́ rí ọ. Bí mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn mi ṣì máa ń fò. Mò ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ, mo sì ń pe orúkọ rẹ mọ́ ọn lórí nígbà mìíràn, tó bá jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí. Ó ṣeé ṣe kí n má fojú kàn ọ́ mọ́ láyé, mo ti rò ó, mo ti sunkún rẹ̀, mo sì ti fara mọ́ ọn, torí pé mo fẹ́ kí o wà láàyè ju kí o wà lọ́dọ̀ mi lọ.

Padà lọ bá obìnrin yẹn. Bó bá tún bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa lọ, wí fún un pé o ò ní ibòmíràn tí o lè lọ. O ò ní í parọ́ fún un. Mo ti rí sí i.

Nínú ẹrù tí Ìyáàfin ń gbé bọ̀, wàá rí tépù ìwọ̀nṣọ mi kan. Bí o bá ti wọ yàrá náà, wọn fèrèsé rẹ̀ fún mi, ìbú àti gígùn, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́. Kọ́tìnnì búlúù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò fi sísọ́ọ̀sì kàn án rí. Wọ̀n ọ́n dáadáa o, torí pé bí mo bá ti gé e, kò ní wọ fèrèsé Kùmásí mọ́.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ débí,
Ìyá rẹ.